Bí Ọdẹ́rìndé Ṣe Tọ̀ Níwájú Ọba Agbẹtáútáú

Òjò ọ̀sán ló lé gbogbo wọn wọ abẹ́ páànù tí wọ́n ń sá kòkó sí ní Òkè-Ìgbín. Wọ́n tó mẹ́wàá, àgbẹ̀ ni gbogbo wọn, àfi Ọdẹ́rìndé, arúgbó ọdẹ, tí ó jókòó sórí àpò kòkó bí ẹni jókòó sórí ìtẹ́, tí ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo ẹran tí kò tó yìnbọn fún. Níbẹ̀ ni Ìbíwùmí, ọmọbìnrin rẹ̀, ti gba iwájú wọn kọjá lábẹ́ agboòrùn, apẹ̀rẹ̀ ìgò kéékèèké lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ń lọ. Ìtọ̀ àwọn aláboyún ló wà nínú àwọn ìgò náà.

Súbérù, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó o! Ọmọ ọdẹ tó pa ẹfọ̀n mẹ́sàn-án, ìtọ̀ ló ń gbé kiri àdúgbò! Bàbá, ojú ò tiẹ̀ tì yín?"

Ọdẹ́rìndé pòṣé, ó sì pẹ́ kí ó tó pòṣé náà tán.

"Súbérù, ìwọ tí o kò rìn kọjá ẹ̀yìn oko bàbá rẹ rí. Kí lo mọ̀ nípa ìtọ̀ ju pé kí o máa tọ̀ ọ́ sára ògiri ilé mi lọ? Jókòó. Gbogbo yín, ẹ jókòó, òjò ò tíì ṣe tán. Nítorí ìtọ̀ ni mo ṣe dé ibi tí àwọn bàbá ńlá yín gbọ́ orúkọ rẹ̀ tí wọ́n sá wọ abẹ́ ibùsùn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rín in tán báyìí, torí bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n kò ní í dúró dè é."

Wọ́n sún mọ́ra. Ohun tí ó sọ fún wọn nìyí.

Nígbà tí Ọdẹ́rìndé ṣì lágbára, tí ẹran ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń gbàgbé ibi tí ihò rẹ̀ wà, kò sí ohun kan láyé tí ó kẹ́gàn tó ìtọ̀. Àwọn ọdẹ Òkè-Ìgbín kì í tọ̀ sílẹ̀ nínú igbó. Ẹran á gbóòórùn rẹ̀, á sì gba ibòmíràn lọ. Nítorí náà, olúkúlùkù wọn a máa so kèrègbè kan mọ́ ìdí, inú rẹ̀ ni wọn a máa tọ̀ sí, wọn a sì fi ewé kókò dí ẹnu rẹ̀, títí wọn ó fi padà délé tí wọn ó gbẹ́ ilẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Èèwọ̀ sì ni kí ojú ènìyàn rí ọdẹ níbi tí ó ti ń tọ̀. Wọ́n ní ọdẹ tí wọ́n bá rí bẹ́ẹ̀, ẹran kò ní í bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó parí.

Irú bàbá báyìí ni ọmọ rẹ̀ lọ ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn, iṣẹ́ tí ó sì fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni kí ó máa gbé ìtọ̀ aláìsàn sókè sí ìmọ́lẹ̀ kí ó máa wò ó. Lọ́jọ́ kan tí Ọdẹ́rìndé ń jẹ iyán, Ìbíwùmí jókòó tì í.

"Bàbá, ẹ ò mọ̀ pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá pín in sọ́nà ogún, ọ̀nà mọ́kàndínlógún ni omi. Ìyókù ni iyọ̀, àti ìdọ̀tí tí kíndìnrín sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ara bá le, ìtọ̀ kì í dùn, kì í ní ẹ̀jẹ̀, kì í..."

"Ìbíwùmí."

"Bàbá."

"Gbé ẹnu ẹ̀gbin yẹn kúrò lórí ọbẹ̀ mi."

Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, ọdẹ a yí ojú rẹ̀ sí ògiri, a ní òun kò bímọ tí ń fọwọ́ kan ohun tí ajá ń dà sídìí igi.

Ní oṣù tí olú máa ń hù, Ìbíwùmí wọ igbó lọ ṣa olú, kò sì padà wálé. Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan tí ó gbẹ bí pánlá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà Ọdẹ́rìndé. Bí ó bá mi orí, ọrùn rẹ̀ a máa dún bí ilẹ̀kùn tí a kò fi epo sí.

"Ìwọ ni bàbá ọmọ tó ń jò?" ni ó wí.

"Ta ló ń jò?"

"Ọmọ rẹ ni. Afẹ́fẹ́ wa gbé e láti ìdí olú wá sẹ́yìn odi ìlú wa, Ìlú Agbẹtáútáú, ó sì da omi ara rẹ̀ síbẹ̀. Àwa kì í mu omi, àwa kì í tọ̀. Ọba wa ní ara yín ti jẹrà nínú, pé ìjẹrà náà ni ẹ ń tú dà lójoojúmọ́ bí ìkòkò jíjò. Ọmọ rẹ ní irọ́ ni, ó ní omi ara ènìyàn tí ara rẹ̀ le mọ́ nígbà tó ń jáde. Ọba ní òun kì í gba ẹ̀rí ẹni tó ṣẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀. Nítorí náà, ìwọ bàbá rẹ̀ ni kí o wá láàárín ọjọ́ mẹ́rin, kí o wá fi omi ara rẹ hàn wá. Bí ó bá mọ́, kí ẹ máa lọ. Bí ó bá jẹrà, a ó dá iná sábẹ́ àjà, a ó yan ọmọ náà lórí rẹ̀ títí tí ẹ̀kán omi kan kò fi ní í ṣẹ́kù lára rẹ̀, kí ó lè di ọ̀kan nínú wa."

Kí Ọdẹ́rìndé tó na ọwọ́ sí ìbọn, afẹ́fẹ́ ti gbé ọkùnrin náà lọ bí ewé.

"Ẹ má bi mí léèrè bí mo ṣe rìn ín," ni Ọdẹ́rìndé wí fún àwọn tó wà lábẹ́ páànù. "Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀rù kò ní í jẹ́ kí ẹ lè lọ oko lọ́la. Mo di àdá, mo gbé ìbọn, mo so kèrègbè mọ́ ìdí, mo lọ."

Ní òpin ọjọ́ kìíní ni ó dé Igbó Ìjàlọ. Àwọn ìjàlọ tó wà níbẹ̀ tó ewúrẹ́, Balógun wọn sì dúró láàárín ọ̀nà, ó ń pọ́n ẹnu rẹ̀ mọ́ òkúta.

"Kán ìtọ̀ rẹ sórí ewé yìí kí o tó kọjá," ni Balógun Ìjàlọ wí.

Ọdẹ́rìndé kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó kán díẹ̀ látinú kèrègbè rẹ̀. Gbogbo àwọn ìjàlọ náà sáré bò ó. Wọ́n tọ́ ọ wò. Lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n tutọ́ dànù.

"Pẹ̀ẹ̀! Kò dùn rárá!"

Inú bí ọdẹ. Ó ní, "Ta ni kò dùn? Èmi Ọdẹ́rìndé! Láti ọdún tí wọ́n ti bí mi, ẹnikẹ́ni kò sọ pé n kò dùn rí! Ẹ tún un tọ́ wò!"

Balógun Ìjàlọ wò ó láti òkè délẹ̀. "Irú òmùgọ̀ wo rèé? Bí ó bá dùn ni, à bá tẹ̀lé ọ délé, à bá sì dúró dè ọ́. Ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ń dùn, ara rẹ̀ ti ń yọ́ lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìrèké lẹ́nu ọmọdé. Ìwọ kò wúlò fún wa. Kúrò lójú wa kí o máa lọ."

Bí ọdẹ ṣe kọjá nìyẹn, pẹ̀lú ìbínú pé èèrà kọ òun.

Ọdẹ́rìndé dánu dúró níbẹ̀, ó yí ojú sí Súbérù. "Ìwọ, ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn ògiri mi níbi tí o máa ń tọ̀ sí ni èèrà ń ṣù jọ sí bí ẹni pé wọ́n ń ṣe ìpàdé?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Súbérù nìkan ni kò rín.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá ìtàn yín lọ."

Ní ọjọ́ kejì, ọ̀nà já sí odò kan tí kò ní afárá. Obìnrin kan jókòó lórí omi bí ẹni jókòó lórí ẹní, ojú kan ṣoṣo ló wà níwájú orí rẹ̀. Ìyá Òṣùwọ̀n ni orúkọ rẹ̀, kò sì sí ohun tí ń gba odò náà kọjá tí kì í wọ̀n.

"Ọdẹ, ìbéèrè kan ni owó ibodè mi," ni ó wí. "Ó wọlé láìní àwọ̀, ó jáde ní àwọ̀ ìyeyè. Ó wọlé fúyẹ́, ó jáde wúwo díẹ̀. Ó máa ń pọ́n ní òwúrọ̀, ó sì máa ń ṣí bí wọ́n bá ti mu omi yó. Kí ni?"

"Ẹmu ni," ni Ọdẹ́rìndé wí kíá.

Ilẹ̀ yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, omi sì dé orúnkún rẹ̀.

"Àlejò ni! Ó wá pẹ̀lú ebi, ó lọ pẹ̀lú ikùn tó kún."

"Ta ló rí àlejò tó ní àwọ̀ ìyeyè rí, ìwọ aláìnírònú yìí?" Omi dé àyà rẹ̀.

Níbẹ̀ ni ó rántí ohun kékeré kan tí ó rí níbi iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó lọ pariwo lé e lórí. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, ó ń léfòó nínú gíláàsì omi. Nígbà tí ọmọ náà gbé e sínú gíláàsì ìtọ̀, ó tún léfòó ga sí i, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n Ọdẹ́rìndé ní kí ó pa ẹnu dé.

Omi ti dé àgbọ̀n rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnìkan ń gbọ́.

"Ìtọ̀ ni," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́.

"N kò gbọ́."

"Ìtọ̀ ni mo wí!"

Odò fà sẹ́yìn. Ìyá Òṣùwọ̀n sì pòṣé sí i. "O ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí omi ti wà ní orúnkún rẹ. Ojú ló ń tì ọ́ láti pè é. O ti ń tọ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, ṣùgbọ́n o ń ṣe bí ẹni pé ará ilé kejì ló ń tọ̀ ọ́. Bí o kò bá bọ́ ìtìjú yẹn sílẹ̀ sódò mi, òun ni yóò yan ọmọ rẹ gbẹ."

Ọdẹ́rìndé gbọn aṣọ rẹ̀, ó gbé ìtìjú rẹ̀, ó kọjá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni ó wọ Ìlú Agbẹtáútáú. Kò sí ewé tútù níbẹ̀, kò sí kànga, kò sí ẹni tó ń làágùn. Gbogbo ará ìlú náà ló gbẹ. Bí wọ́n bá ń rìn, wọn a máa dún kàràkàrà, bí wọ́n bá sì ń rẹ́rìn-ín, a dà bí ẹni ń ṣẹ́ igi ìdáná. Wọ́n ń di imú bí ọdẹ ti ń kọjá.

"Ìkòkò jíjò mìíràn ti dé!"

"Ẹ fà sẹ́yìn kó má baà ta sí yín lára!"

Ní iwájú ààfin, ó rí Ìbíwùmí lórí àjà tí wọ́n fi igi kọ́. Wọ́n ti kó igi sábẹ́ rẹ̀, ẹnìkan sì mú iná dání. Ètè ọmọ náà ti là. Nígbà tí ó rí bàbá rẹ̀, kò sunkún, bóyá nítorí pé kò fẹ́ kí omi ojú rẹ̀ tún di ẹ̀sùn mìíràn.

Ọba Agbẹtáútáú gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ sì gbẹ. Igbá funfun kan wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú ìkòkò kan ṣoṣo tí omi wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìlú náà: omi ìṣápá pupa, tí wọ́n fi ń dán omi ara àlejò wò.

"Àwa ti wà láti ẹgbẹ̀rún ọdún," ni Ọba wí, "a kò fún ayé ní ẹ̀kán ẹ̀gbin kan. Ẹ̀yin ńkọ́? Bí a bá pa ti ọjọ́ kan pọ̀, ó lè kún ìgò ọtí méjì, lójoojúmọ́! Irú ìran wo ni èyí? Ó dáa. Da tìrẹ sínú igbá kí a wò ó."

Ọdẹ́rìndé wo èrò. Ọkùnrin wà níbẹ̀, obìnrin wà níbẹ̀. Ó rántí èèwọ̀ àwọn ọdẹ. Kò tú ṣòkòtò rẹ̀. Ó tú kèrègbè tó wà nídìí rẹ̀, ó yọ ewé kókò, ó sì da ìtọ̀ ọjọ́ mẹ́rin sínú igbá.

Òórùn rẹ̀ ta gbogbo wọn nímú bí alùbọ́sà. Ó dúdú, ó rú bí omi ògì. Ọba bu díẹ̀, ó dà á sí omi ìṣápá tí wọ́n bù sínú àwo kan, pupa rẹ̀ sì kú lójú gbogbo wọn, ó di àwọ̀ omi ewúro. Ìlú náà bú sẹ́rìn-ín, igi ń ṣẹ́ káàkiri.

"Ẹ wò ó bí inú wọn ṣe rí!" ni Ọba wí. "Ẹ dá iná!"

Iná mú igi. Ìbíwùmí sì kígbe láti orí àjà.

"Kábíyèsí, ẹ dúró! Ọjọ́ mélòó ni ìyẹn ti lò nínú kèrègbè? Ẹran tútù pàápàá, bí ẹ bá gbé e síta lọ́jọ́ mẹ́rin, á rà. Bí ìtọ̀ bá pẹ́ níta, á rú, á máa ta ni nímú, á sì sọ omi ìṣápá di aláwọ̀ ewé. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń jáde! Ẹ ní kí ó tọ̀ síbí, lójú yín!"

"Ìbíwùmí!" ni bàbá rẹ̀ wí. "Níwájú àwọn obìnrin?"

"Bàbá."

"Èèwọ̀ ni! Wọn yóò gba ìbọn mi!"

"Bàbá, iná ti ń jó mi lẹ́sẹ̀."

Ọba gbé ọwọ́ sókè. Ó dùn mọ́ ọn; láti ẹgbẹ̀rún ọdún, kò tíì rí ohun tó pa á lẹ́rìn-ín tó báyìí. "Ẹ rọra mú iná náà. Ẹ jẹ́ kí ìkòkò jò kí a wò ó."

Ọdẹ́rìndé tú ṣòkòtò rẹ̀. Wọ́n da ti kèrègbè nù, wọ́n fi iyanrìn nu igbá funfun mọ́, ó sì dúró síwájú rẹ̀. Ẹni tó pa ẹfọ̀n mẹ́sàn-án, tó fi ọwọ́ lásán mú ọ̀yà nínú ihò, ó dúró, kò sì sí ohun tó jáde. Ikùn rẹ̀ kún bí ìlù ṣùgbọ́n ojútì ti dí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń kígbe sí i. "Jò! Jò! Ṣé o ti gbẹ bíi tiwa ni?" Òógùn bò ó. Iná ń pọ̀ sí i. Ó di ojú, ó fún ara rẹ̀, asán ni.

Nígbà náà ni ó gbọ́ ohùn kékeré kan láti òkè.

"Ṣíììì... ṣíììì..."

Ìbíwùmí ni. Ètè rẹ̀ ti là, ṣùgbọ́n ó fún un pọ̀, ó ń ṣe ohùn tí àwọn ìyá máa ń ṣe sí ọmọ ọwọ́ tí wọ́n bá gbé e lé orí ẹsẹ̀ kí ó lè tọ̀ kí wọ́n tó tẹ́ ẹ sùn. Ohùn náà ni ìyá Ọdẹ́rìndé ṣe sí i kí ó tó mọ ohun tí ń jẹ́ ìbọn. Ohùn náà ni òun fúnra rẹ̀ ṣe sí ọmọ yìí ní ọdún tí ìyá rẹ̀ kú, nígbà tí kò sí ẹlòmíràn tí yóò ṣe é.

"Ṣíììì, Bàbá mi. Ṣíììì."

Ọdẹ́rìndé bú sẹ́kún, ó sì tọ̀.

Ó tọ̀, ó tọ̀, títí igbá fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ìfófòó tó wà lórí rẹ̀ kò pẹ́ tó fi kú tán. Ó mọ́ gaara, àwọ̀ rẹ̀ dà bí oyin tí a fi omi là, Ọba sì fi ọwọ́ sábẹ́ díẹ̀ tí ó bù sínú gíláàsì, ó ka ìka rẹ̀ láti òkè. Ó gbóòórùn rẹ̀. Kò ta á nímú. Ó dà á sí omi ìṣápá mìíràn tí wọ́n bù nínú ìkòkò. Pupa rẹ̀ kò yẹ̀. Ó kán an sórí àpáàdì gbígbóná. Omi rẹ̀ gbẹ lọ, ó ku èérún funfun bí iyọ̀.

"Ẹ sọ ọmọ náà kalẹ̀," ni ó wí.

Nígbà tí bàbá àti ọmọ ti yí ẹ̀yìn padà, Ọba tún pè wọ́n. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. "Ọdẹ. Báwo ló ṣe máa ń rí lára, bí ó bá ti jáde tán?"

Ọdẹ́rìndé so ṣòkòtò rẹ̀ dáadáa kí ó tó dáhùn. Ó wo Ọba náà bí ẹni ń wo igi tí kò lè so mọ́.

"Ó máa ń tuni lára, Kábíyèsí. Ẹ̀yin kò ní í mọ̀ ọ́n láé."

Ìtàn tàn dé etí àwọn ọdẹ Òkè-Ìgbín kí wọ́n tó délé, nítorí Ọdẹ́rìndé fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé lọ́nà. Wọ́n wá, wọ́n gba ìbọn rẹ̀, wọ́n gba fìlà ọdẹ rẹ̀. Ó ní kí wọ́n mú kèrègbè náà mọ́ ọn, kí wọ́n máa fi mu ẹmu.

Òjò ti dá. Kò sẹ́ni tó dìde lábẹ́ páànù náà. Ọdẹ́rìndé fa ìgò kékeré kan yọ lápò rẹ̀, tí ó ti tọ̀ sí láàárọ̀ ọjọ́ náà pé kí òun gbé e lọ fún ọmọ òun. Ó gbé e sókè sí oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Ó tàn bí oyin.

"Ẹ wò ó dáadáa. Bí tẹnikẹ́ni nínú yín bá dára ju èyí lọ, kó gbé e jáde. Mo ń dúró."

Wọ́n ń wo ilẹ̀. Súbérù ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀.

"Bàbá... àwọn èèrà yẹn. Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń wá. Òùngbẹ náà kì í sì í jẹ́ kí n sùn."

"Mo mọ̀," ni Ọdẹ́rìndé wí. "Kí lo rò pé mo torí rẹ̀ jókòó láti ọ̀sán yìí tí mo ń da ẹnu mi nù, àbí nítorí ojú rẹ tó burú yẹn ni?" Ó ki ọwọ́ bọ àpò kejì, ó mú ìgò òfìfo kan jáde, ó jù ú sí i. "Òmùgọ̀. Lọ sẹ́yìn ògiri mi nítòsí yìí, o kúkú mọ ibẹ̀. Kí o gbé e lọ bá Ìbíwùmí nísinsìnyí."

Súbérù lọ sẹ́yìn ògiri. Wọ́n dúró dè é. Wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

"Bàbá," ni ó ké láti ibẹ̀, "kò jáde. Gbogbo yín lẹ ń tẹ́tí sí mi!"

Arúgbó ọdẹ náà mi orí, ó wo ìyókù wọn tìkà-tẹ̀gbin. Lẹ́yìn náà ni ó fún ètè rẹ̀ pọ̀.

"Ṣíììì," ni ó wí. "Ṣíììì."